Ta Ló Bí Cadillac? Kì í Ṣe Ford o, Kì í sì Ṣe Ará Faransé Yẹn

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo dúró sí kẹ́nikẹ́ni má bàa ní mo fi nǹkan pa mọ́. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé ta ló bí Cadillac, mọ́tò ọlọ́lá ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹn, orúkọ kan ṣoṣo ló máa jáde lẹ́nu mi, Henry Leland. Àwọn kan á ní Henry Ford ni, àwọn kan á lọ gbé ará Faransé kan tó ti kú láti 1730 jáde. Gbogbo wọn ni màá dá lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù fún mi, torí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, láti ìgbà tí mo ti máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n mi kan ti ń rìbọ́ọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ká mú ti ará Faransé yẹn kúrò lọ́nà ná. Antoine Laumet ni wọ́n sọ ọ́ nílé, wọ́n bí i ní 1658 ní Saint-Nicolas-de-la-Grave, ìlú kékeré kan ní Gascony. Lọ́yà ni bàbá ẹ̀, kò sí oyè kankan nílé wọn. Àfi ìgbà tó sọdá òkun dé Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara ẹ̀ ní Antoine de la Mothe, sieur de Cadillac. Ta ló fi í joyè? Òun náà ni! Ó tún lọ wo àmì ìdílé ọlọ́lá kan tí ilé wọn ò jìnnà sí tiwọn, ó mú nínú ẹ̀, ó sọ ọ́ di tiẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ò lẹ́nu tí ò sì lẹ́sẹ̀. Àwa tá a mọ àwọn tó ń lọ joyè nílùú tí wọn ò bí bàbá wọn sí, kí ló fẹ́ yà wá lẹ́nu níbẹ̀. Ní July 24, 1701, ọkùnrin yìí gúnlẹ̀ sí etí odò tó so adágún Saint Clair pọ̀ mọ́ Erie, ó kọ́ odi kan síbẹ̀, wọ́n ń pè é ní Fort Pontchartrain du Détroit. Détroit yẹn, lédè Faransé, ibi tí omi ti fún tóóró ni, bí àwa náà ṣe ń fi omi sọ ibi lórúkọ, ẹ ṣáà mọ Etí-Ọ̀sà. Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣe gómìnà Louisiana, nígbà tó padà sílé ní 1717 wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n Bastille fún oṣù mélòó kan, ó kú ní 1730. Kò rí mọ́tò, kò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rí láyé ẹ̀.

Báwo wá ni orúkọ ẹ̀ ṣe dé ara mọ́tò? Ìlú Detroit ṣe ọdún 200 ní 1901, orúkọ ọkùnrin yìí sì gba ẹnu gbogbo ayé kan níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé iṣẹ́ kan ń wá orúkọ tó máa dún bí orúkọ ọlọ́lá, ni wọ́n bá mú tiẹ̀, wọ́n sì mú àmì tí òun náà mú lọ́wọ́ ẹlòmíì mọ́ ọn. Àwọn ẹyẹ aláìlẹ́sẹ̀ yẹn wà níwájú Cadillac títí di ìparí àwọn ọdún 1990 kí wọ́n tó lé wọn dànù. Nǹkan tí ará Faransé yẹn fún Cadillac ò jùyẹn lọ, orúkọ àti pẹ́pẹ́yẹ.

Ó kan Ford. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ pọ̀ o, wọn ò sì rọrùn bá jiyàn. Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ tó di Cadillac, Henry Ford Company ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n dá a sílẹ̀ ní November 1901 lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ tí Ford bá wọn ṣe, Detroit Automobile Company, ti wọlẹ̀. William Murphy àti Lemuel Bowen àtàwọn olówó mí-ìn ló fowó sí i, mọ́tò tí wọ́n máa tà ni wọ́n ń retí, mọ́tò eré ìje ló wà lọ́kàn Ford. Ara wọn ò gbà á mọ́, wọ́n ní kí Leland wá máa bá wọn wo iṣẹ́, inú bí Ford, ó bínú lọ ní March 1902 pẹ̀lú 900 dọ́là àti ẹ̀tọ́ láti mú orúkọ ẹ̀ dání. Ẹni tó ti gba owó, tó sì kó orúkọ ẹ̀ lọ, kí ló tún kù tó fẹ́ gbà níbẹ̀? Mi ò ní sọ jù báyìí lọ lórí Ford.

Leland ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká sọ.

Wọ́n bí i ní 1843 ní Vermont, nílé àgbẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń lọ lọ́wọ́, ìjọba gbà á síṣẹ́ ní Springfield, ní Massachusetts, níbi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn fáwọn ọmọ ogun. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Colt, àwọn oníbọn náà ni, kó tó wá bọ́ sí Brown & Sharpe ní Providence, àwọn tó ń ṣe irin ìwọ̀n àti maṣíìnì ìgẹ́rin. Wọ́n ní níbẹ̀ ló ti fọwọ́ sí iṣẹ́ kílípà táwọn bábà fi ń gẹrun, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé orí gbogbo wa ló ti jàǹfààní ẹ̀.

Ibi tí èmi fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí nìyí. Mo máa ń sọ ọ́ pé ìbọn ló bí Cadillac. Ẹ rò ó wò. Ológun kan wà lójú ogun, nǹkan kan kán lára ìbọn ẹ̀, kò ráyè gbé e padà lọ bá àgbẹ̀dẹ tó rọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ lè yọ irin kan náà lára ìbọn ẹlòmíì kó fi síbẹ̀ kó sì bá a mu. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Springfield fi ń wọn gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ṣe. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni Leland nígbà yẹn, ọwọ́ ẹ̀ ṣì rọ̀, ó dá mi lójú pé ìbẹ̀rù kí irin kan má bá ìkejì mu ti wọ̀ ọ́ lára níbẹ̀, kò sì jáde mọ́. Àwọn òpìtàn máa ń sáré kọjá ibí yìí kí wọ́n lè tètè dé Detroit, lójú tèmi àṣìṣe gbáà ni.

Kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń pariwo, ẹ bá mi wo ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á gbé píìnì písítìnì wá tí wọ́n sọ pé tuntun ni, á fi àkísà nù ún, á tì í sínú ihò, kò ní wọlé. Á mú fáìlì, ṣẹ̀ẹ́-ṣẹ̀ẹ́-ṣẹ̀ẹ́, á fẹnu fẹ́ ẹ, á tún tì í, ó ku díẹ̀. Fáìlì lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá fi máa wọlé, píìnì yẹn ti di ti ẹ́ńjìnnì yẹn nìkan láyé ńbí, kò lè wọ òmíràn mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ mọ́tò nìyẹn láyé ìgbà 1900, títí kan àwọn tó wọ́n jù ní Yúróòpù, mọ́tò méjì tó jáde lọ́jọ́ kan náà lè má lè yá ara wọn ní nọ́ọ̀tì.

Leland kórìíra fáìlì yẹn. Ní 1890 òun àti Robert Faulconer, olówó kan tó ń ta gẹdú, dá Leland & Faulconer sílẹ̀ ní Detroit, jíà ni wọ́n mọ̀ ọ́n gẹ́ jù, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn nǹkan. Nígbà tí Oldsmobile gbé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì fún wọn, àwòrán kan náà ni Oldsmobile fún àwọn mí-ìn, síbẹ̀ èyí tó jáde lọ́wọ́ Leland lágbára ju tàwọn yòókù lọ, torí kò sí pé irin ń ha irin nínú ẹ̀. Ó tún wá fúnra ẹ̀ ṣe òmíràn tó lágbára tó ẹṣin mẹ́wàá, Oldsmobile ní àwọn ò fẹ́ ẹ, pé á dá iṣẹ́ àwọn dúró. Ẹ́ńjìnnì ọ̀fẹ́ ló wà nílẹ̀ yẹn o.

Òun ló wà nílẹ̀ ní August 1902 tí Murphy àti Bowen ránṣẹ́ sí Leland pé kó wá díyelé àwọn maṣíìnì tí Ford fi sílẹ̀ káwọn lè tà á, káwọn gbá ilẹ̀ ibẹ̀. Leland díyelé e lóòótọ́, ó wá sọ fún wọn pé àṣìṣe ni wọ́n fẹ́ ṣe, pé òun ní ẹ́ńjìnnì. Ní August 22 ni wọ́n yí orúkọ náà padà sí Cadillac. Ní January 1903 wọ́n gbé e lọ sí ibi àfihàn mọ́tò ní New York, 750 dọ́là ni, wọ́n sì gba owó àsansílẹ̀ fún mọ́tò tó ju 2,000 lọ kí àfihàn náà tó parí.

Ṣùgbọ́n 1908 lọdún tí mo fẹ́ràn jù. Frederick Bennett tó ń bá wọn tà á ní London lọ bá Royal Automobile Club, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Gẹ̀ẹ́sì, pé kí wọ́n wá dán mọ́tò òun wò. Kó má bàa di mágòmágó, àwọn ará kílọ́ọ̀bù náà fúnra wọn ló yan mẹ́ta nínú Cadillac tí wọ́n ń pè ní Model K. Wọ́n wà wọ́n lọ sí Brooklands, ibi ìsáré mọ́tò tó wà ní Surrey, wọ́n tú wọn palẹ̀ pátápátá, òkìtì irin tó ju 700 lọ, wọ́n wá pò ó mọ́ra bí ẹni po ẹ̀wà mọ́ àgbàdo kó má sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti mọ́tò wo. Kò tíì tán o. Wọ́n yọ 89 nínú àwọn tó gba ìwọ̀n jù, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, wọ́n ní kí wọ́n lọ mú òmíràn wá láti inú páàtì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Sípánà àti sukudiráfà ni wọ́n gbà káwọn mẹkáníìkì mú dání, fáìlì ò gbọ́dọ̀ yọjú. Wọ́n to mọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, ara wọn wá di oríṣiríṣi àwọ̀ bí aṣọ egúngún, ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n sáré nǹkan bí kìlómítà 800 lórí pápá náà. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń fi imú rẹ́rìn-ín sí mọ́tò Amẹ́ríkà ló fọwọ́ ara wọn gbé ife Dewar, ẹ̀bùn ẹgbẹ́ onímọ́tò wọn, fún Cadillac, ibẹ̀ sì ni ìnagijẹ "ìwọ̀n gbogbo ayé" tí wọ́n ń fi polówó ara wọn ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

General Motors ra ilé iṣẹ́ náà ní 1909, wọ́n ní kí Leland àti ọmọ ẹ̀, Wilfred, máa darí ẹ̀ lọ. Nígbà yẹn, irin gígùn ni wọ́n ń kì bọ iwájú mọ́tò láti yí ẹ́ńjìnnì, àwọn tó bá ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà láyé máa rántí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń fi irin wé e níwájú láàárọ̀ kùtù. Tí ẹ́ńjìnnì bá fi ta padà, irin yẹn lè kán èèyàn lápá tàbí kó fọ́ ọ lẹ́nu. Ìtàn kan wà pé ọ̀rẹ́ Leland kan, Byron Carter, ni irin ọ̀hún ṣe léṣe nígbà tó ń ran obìnrin kan lọ́wọ́, pé ó sì kú, àwọn kan ń jiyàn pé ọjọ́ ò bára mu, mi ò bá wọn dá sí i. Ohun tó dájú ni pé Leland pe Charles Kettering ti Dayton, ní Ohio. Kettering ti ṣe mọ́tò kékeré kan sára maṣíìnì ìgbowó ilé ìtajà rí, ó ti mọ̀ pé ohun tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ò nílò kó tóbi. Mọ́tò Cadillac 1912 jáde pẹ̀lú sítátà, ẹ tẹ nǹkan, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n tún gba ife Dewar nítorí ẹ̀. Ní 1914 wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì V8, onísílíńdà mẹ́jọ, jáde. Torí pé àwọn orogún ń sọ pé kì í pẹ́ bàjẹ́, Theodore MacManus kọ ìpolówó kan sí i ní January 1915 tí ò dárúkọ mọ́tò rárá, ó kàn ń sọ pé ẹni tó bá ṣíwájú ni wọ́n máa ń bú.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ford, ẹ sún mọ́bí. Ní 1917 Leland fẹ́ kí wọ́n máa ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú fún ogun, William Durant tó jẹ́ ọ̀gá General Motors kọ̀, bàbá ẹni ọdún 74 yìí kó ẹrù ẹ̀ ó jáde. Ó dá òmíràn sílẹ̀, ó sọ ọ́ lórúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dìbò fún láyé ẹ̀ ní 1864, Abraham Lincoln. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń pè ní Liberty ló fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ogun parí ló bọ́ sórí mọ́tò, owó wá tán lọ́wọ́ ẹ̀, ta ló wá rà á ní February 1922 ní mílíọ̀nù 8 dọ́là? Henry Ford. Kò pé oṣù mẹ́fà tó fi lé bàbá náà àtọmọ ẹ̀ síta. Cadillac àti Lincoln, méjèèjì tí Amẹ́ríkà fi ń yangàn, ọwọ́ bàbá kan ni wọ́n ti jáde. Ó kú ní 1932.

Nǹkan kan ṣì wà tí ò yẹ kí n fò. Láyé ìgbà ọ̀dá owó ńlá àwọn ọdún 1930 yẹn, Cadillac ò fẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú ra mọ́tò àwọn, wọ́n ní á ba iyì ẹ̀ jẹ́. Àwọn dókítà, akọrin àti akànṣẹ́ aláwọ̀ dúdú á wá sanwó fún òyìnbó kan kó bá wọn lọ rà á. Nicholas Dreystadt, ọmọ Jámánì tó ń bójú tó àtúnṣe mọ́tò, ló ṣàkíyèsí pé àwọn wọ̀nyí ló ń gbé mọ́tò wọn wá sí ibi àtúnṣe, ó sọ fáwọn ọ̀gá pé kí wọ́n yéé lé owó. Peter Drucker, ọ̀mọ̀wé tó ń kọ̀wé nípa ìṣàkóso iṣẹ́, ló tan ìtàn náà kálẹ̀, èmi gbà á gbọ́. Ilé ni wọn kì í tà fún aláwọ̀ dúdú ní àdúgbò tó dáa, mọ́tò wá ni nǹkan tó lè fi han ayé pé òun ti dèèyàn. Tẹ́ ẹ bá rántí Cadillac aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí akànṣẹ́ nì, Sugar Ray Robinson, máa ń wà káàkiri Harlem, kì í ṣe fàájì lásán.

Ìyókù, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ní 1948 wọ́n fi ìrù sí i lẹ́yìn, torí pé Harley Earl tó ń ya àwòrán mọ́tò fún General Motors rí ọkọ̀ òfuurufú ogun kan, ìrù náà ga títí di 1959. Ní 1981 wọ́n lọ fi aṣọ Cadillac wọ Chevrolet kékeré, wọ́n pè é ní Cimarron, ojú tì wọ́n. Jíìpù Escalade gbà wọ́n là látìgbà 1998, Èkó náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Cadillac tí ìbọn ò lè wọ̀ ni Ààrẹ Amẹ́ríkà ń gùn, ilé iṣẹ́ náà sì ti ń ṣe mọ́tò tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná rìn báyìí.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé Havana, ní Cuba níbi táwọn ọmọ Lùkùmí ṣì ń bọ Ṣàngó, Cadillac àwọn ọdún 1950 ṣì ń gbé èrò níbẹ̀. Látìgbà tí Amẹ́ríkà ti dá ọjà dúró fún wọn, páàtì ò wọlé mọ́, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì òmíràn sínú ẹ̀, mẹkáníìkì á ti irin kan sínú ihò, kò ní wọlé, á mú fáìlì, ṣẹ̀ẹ́-ṣẹ̀ẹ́-ṣẹ̀ẹ́.