Jet Ski Àdúrógùn: Pọ́ǹpù Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Tú

Èkìtì kò ní òkun, kò sì ní ọ̀sà. Ṣùgbọ́n omi dáàmù wà ní Ìkun-Èkìtì àti Ẹ̀gbẹ́-Èkìtì, àwọn mẹkáníìkì tó mọ ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo alápòpọ̀ ọ́ìlì sì pọ̀ nígboro Adó. Ẹni tó bá lè tú jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo èèyàn ń pè ní "I pass my neighbour", tó sì tò ó padà tó jẹ́ iṣẹ́, ti mọ ìdajì Jet Ski àdúrógùn àtijọ́, ọkọ̀ kékeré tí èèyàn ń gùn lórí omi. Pọ́ǹpù ni ìdajì kejì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sì ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Irú Jet Ski yìí kò ní ìjókòó. Ẹni tó ń gùn ún á dúró sẹ́yìn, á di ọwọ́ ìdarí mú lórí ọ̀pá gígùn kan tó ń lọ sókè sódò. Clayton Jacobson II, ará Amẹ́ríkà kan tó ń fi alùpùpù sáré ìje, ló ronú rẹ̀ jáde. Kawasaki bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1973, orúkọ tí wọ́n fún tiwọn sì di orúkọ gbogbo irú rẹ̀ lẹ́nu aráyé. Yamaha gbé SuperJet tirẹ̀ jáde ní 1990, epo alápòpọ̀ ni wọ́n sì fi ń gùn ún títí tí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́ta fi dé ní 2021. Àwọn ti àtijọ́ ni wọ́n sábà ń tún ṣe nílé: wọ́n fúyẹ́, kabúrétọ̀ ló sì ń fún wọn lépo, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Ẹ́ńjìnnì ń yí ṣáfítì, ṣáfítì ń yí abẹ̀bẹ̀ irin kan nínú ihò tó wà lábẹ́ ìdí ọkọ̀: òun ni pọ́ǹpù. Abẹ̀bẹ̀ á fa omi wọlé gba àárín àwọn ọ̀pá irin tó ń dá igi àti òkúta dúró, á sì tì í sẹ́yìn. Omi yẹn ń pòòyì bó ṣe ń bọ̀, nítorí náà àwọn irin pẹlẹbẹ tí kì í yí wà lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀ láti nà án tọ́, kí ó tó gba ẹnu tóóró jáde. Bí ìgbà tí èèyàn fi àtàǹpàkò dí ẹnu róbà omi ni: ẹnu tó há ló ń sọ omi di eré. Omi tó ń jáde yìí náà ni ìdarí. Ẹni tó bá sọ epo sílẹ̀ kò lè yà mọ́, kò sì sí búrékì.

Ìdí nìyí tí owó páìpù èéfín olówó ńlá tí wọ́n ń rà kí ẹ́ńjìnnì lè lágbára sí i fi ń wọlẹ̀ lásán nígbà tí pọ́ǹpù bá ti jẹ. Òrùka kan yí abẹ̀bẹ̀ ká. Bí àlàfo tó wà láàárín wọn bá ti ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, omi á máa sá padà, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò sì ní lọ. Ewé irin tí mẹkáníìkì fi ń wọn táápẹ́ẹ̀tì mọ́tò tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ etí omi ló ń jẹ òrùka náà, pàápàá bí wọ́n bá ń ṣáná sí ọkọ̀ níbi tí omi kò ti mu orúnkún. Atẹ́gùn náà ń bà á jẹ́: bí ibi tí pọ́ǹpù ti so mọ́ ara ọkọ̀ bá ń fa atẹ́gùn, abẹ̀bẹ̀ á máa gbá ìfóòfó dípò omi. Sílíkóònì tí wọ́n fi dí oríkèé yẹn dáadáa ni àtúnṣe tí owó rẹ̀ kéré jù, òun sì ni àwọn èèyàn ń fò jù.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ bí apá abẹ̀bẹ̀ ṣe dagun tó. Èyí tí kò dagun púpọ̀ ń fò kúrò lójú kan kíákíá, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ máa ta òkìtì lórí omi. Èyí tó dagun ń sáré lọ jìnnà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ, ẹ́ńjìnnì kò ní lè yí yára tó bó ṣe yẹ.

Iṣẹ́ ara ọkọ̀ kò ṣòro fún àwọn tó ń fi fáíbà tún bọ́ńpà ṣe. Ihò ẹsẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ibi ìdúró kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀ gbọ́dọ̀ bá fáíbà gan-an pàdé, kì í ṣe ọ̀dà. Kí wọ́n fi sáńpépà ha á dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ òjò kò dára fún un, torí ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí résìn mú dáadáa. Fóòmù inú ọkọ̀ tó ti gbó sábà máa ń ti mu omi, ó sì wúwo. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má yọ ọ́ dànù pátápátá, òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rì.

Ẹ́ńjìnnì ló kẹ́yìn. Pípo epo ní 40 sí 1 túmọ̀ sí mílílítà 250 ọ́ìlì sínú lítà 10 pẹtiróòlù. Ohun tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni kí wọ́n tẹ̀ lé, ọ́ìlì ẹ̀rọ ojú omi tó ní àmì TC-W3 ni kí wọ́n sì lò. Bí wọ́n bá ṣí ọ̀nà atẹ́gùn tí wọn kò fi epo kún un ní kabúrétọ̀, písítìn á jó. Gígé orí sílíńdà ń fi agbára kún un, ṣùgbọ́n pẹtiróòlù lásán lè máa bú gbàù ṣáájú àkókò nínú rẹ̀. Díẹ̀ lára ọ́ìlì yìí kì í jóná, inú omi ló ń bọ́ sí, omi dáàmù sì ni àwọn ìlú ń mu: kò sẹ́ni tó yẹ kó gbé e wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ.

Omi tí pọ́ǹpù ń tì náà ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára, nítorí náà bí wọ́n bá fẹ́ dán an wò nínú àgbàlá, róbà omi ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Kí wọ́n ṣáná sí i ná kí wọ́n tó ṣí omi. Bí wọ́n bá fẹ́ pa á, kí omi kọ́kọ́ dúró, kí ẹ́ńjìnnì tó kú. Bí omi bá ń wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò yí, á gba ọ̀nà èéfín bọ́ sínú sílíńdà, ọ̀pá tó gbé písítìn sì lè tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún ṣáná sí i.