Ìdí tí Iná Ọdún Fi Ń Pọ́n Lápá Ìparí

Àìsàn kan wà tó wọ́pọ̀ lára iná Kérésìmesì tí ń tàn tẹ̀lé orin, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà ní Òṣogbo bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé. Àwọn gílóòbù àkọ́kọ́ á funfun báláú, àwọn ti àárín á máa rí rúsúrúsú, àwọn ti ìparí á wá pọ́n tàbí kí wọ́n máa ṣẹ́jú. Ẹni tó ni iná á ní kọntíróólà òun, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí bí iná ṣe ń tàn, ni kò lágbára, á sì lọ ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Ó dunni pé owó yẹn máa ń ṣòfò, nítorí kọntíróólà kì í fún gílóòbù lágbára rárá. Àṣẹ lásán ló ń fi ránṣẹ́.

Bí àṣẹ náà ṣe ń rìn ni ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ètò yìí. Nínú iná tó ń lo WS2811, ọpọlọ kékeré kan tó gbajúmọ̀ gan-an nínú iṣẹ́ náà, gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní ọpọlọ tirẹ̀. Kọntíróólà á to àṣẹ gbogbo wọn tẹ̀lé ara sórí wáyà kan ṣoṣo. Gílóòbù àkọ́kọ́ á mú ìpín tirẹ̀, èyí tí í ṣe bíìtì 24 (bíìtì ni ẹyọ tó kéré jù nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń kà), mẹ́jọ fún pupa, mẹ́jọ fún àwọ̀ ewé, mẹ́jọ fún búlúù, á sì tún ìyókù ké lákọ̀tun fún èyí tó tẹ̀lé e. Ó dà bí ìgbà tí àwọn tó wà lóko ńlá kan bá ń pe ara wọn: ẹni tó gbọ́ á fi ohùn tirẹ̀ tún un pè, tí ohùn náà kò fi ní rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ebè. Bí gílóòbù àkọ́kọ́ ṣe gbọ́ náà ni ọgọ́rùn-ún ṣe máa gbọ́. Àkókò nìkan ló ń fi ààlà sí iye gílóòbù tó lè wà lórí wáyà kan, nítorí ìpín gílóòbù kan ń gba ìdá 30 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, tí gílóòbù 1,000 lórí wáyà kan kò fi lè yí àwòrán ju bí ìgbà 33 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, iye ẹnu tí kọntíróólà ní, ìyẹn ibi tí wáyà àṣẹ ń gbà jáde, ni kí á wò nígbà tí a bá ń rà á.

Agbára iná kò ní ẹni tí yóò tún un ké. Fóltì ni ipá tó ń ti iná lọ, áńpíà sì ni iye iná tó ń ṣàn. Gílóòbù olófóltì 5 kan ń fa nǹkan bí 0.06 áńpíà bó bá funfun tán. Ọgọ́rùn-ún rẹ̀ á fa 6. Bí páwà sọ́pláì, ẹ̀rọ tó ń fún gílóòbù lágbára, bá wà ní mítà 10 sí wọn, tí wọ́n sì fi wáyà bàbà 1mm fà á, mítà 20 ni àlọ àti àbọ̀ rẹ̀, wáyà yẹn nìkan á sì jẹ nǹkan bí fóltì 2. Mẹ́ta péré ló kù. Búlúù àti àwọ̀ ewé nílò nǹkan bí mẹ́ta kí wọ́n tó tàn, ṣùgbọ́n pupa lè fi méjì ṣe é, òun náà ló sì máa ń kẹ́yìn.

Ìṣirò yìí kan náà ni wọ́n ń fi darí iná ìjọba. Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, fóltì 330,000 sì ni wáyà tó ti Jẹ́bà wá ń gbé. Kò sí ilé tó nílò iye bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí fóltì bá ga, áńpíà tó máa gbé agbára kan náà á dín kù, ohun tí ọ̀nà máa jẹ á sì dín kù pẹ̀lú. Iná olófóltì 12 tó so ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta pọ̀ lórí ọpọlọ kan ń tẹ̀lé ìlànà yìí gan-an. Gílóòbù ẹlẹ́yọ kọ̀ọ̀kan olófóltì 12 kò rí bẹ́ẹ̀: áńpíà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín, ooru ló ń fi ìyókù ṣe, àmọ́ bí wáyà bá jẹ méjì nínú 12, mẹ́wàá tó kù ti tó o yó. Fún iwájú ilé tó gùn, ìfiṣòfò yẹn tọ́.

Ẹ má ṣe bẹ̀rù páwà sọ́pláì olófóltì 5 tí wọ́n kọ 60 áńpíà sí lára. Iye tó lè fúnni ni wọ́n kọ, kì í ṣe iye tó máa tì wọnú gílóòbù. Táńkì ńlá kò ní kí omi ya jáde lẹ́nu tápù ju bí a ṣe ṣí i lọ. Fóltì ló gbọ́dọ̀ bá ara mu. Kí á má sì lò ó kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kó lè pẹ́.

Ìwòsàn iná tó ń pọ́n ni kí á fa wáyà tó nípọn, 2.5mm fún àpẹẹrẹ, lọ tààrà sí àárín àti ìparí ìlà náà. Iná Olójú Mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń tàn nígbà ọdún Ọ̀ṣun ti mọ èyí tipẹ́: ojú kọ̀ọ̀kan ní òwú àti epo tirẹ̀, kò sí èyí tó ń dúró de àjẹkù ẹnìkejì. Bí páwà sọ́pláì bá di méjì, kí á ya pósítíìfù wọn sọ́tọ̀, kí á sì so gbogbo négátíìfù pọ̀ mọ́ ti kọntíróólà, torí láti orí négátíìfù yẹn ni gílóòbù ti ń wọn àṣẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.