Oko Àgbàdo Tí Wọ́n Ti Kórè: Ibo Ni Ọdẹ Àgbọ̀nrín Yóò Gun Ẹ̀gùn Sí?

Nígbà ìkórè ní Illinois àti Iowa, ìpínlẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, irú ìròyìn kan máa ń jáde tó ń rú àwọn èèyàn wa lójú: wọ́n bu owó ìtanràn lé ọdẹ kan nítorí ó da àgbàdo sílẹ̀ fún àgbọ̀nrín, bẹ́ẹ̀ ọdẹ mìíràn gun ẹ̀gùn, ìyẹn ibùjókòó ọdẹ lórí igi, sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tí hóró àgbàdo kún ilẹ̀ rẹ̀, ó pa ẹran, ó gbé e lọ sílé, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé lọ́hùn-ún, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti ilé ọdẹ wá, fẹ́ mọ irú òfin tí èyí jẹ́.

Kí ló dé tí ti ẹnì kìíní fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀?

Ohun tó gbé oúnjẹ débẹ̀ ni òfin ń wò. Àgbàdo tó bọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń kórè, iṣẹ́ oko ló dà á sílẹ̀. Èyí tí èèyàn fi àpò rù wá, ìdẹ ni. Ní Illinois, bí ẹ bá tilẹ̀ ṣa ìdẹ náà kúrò pátápátá, ọjọ́ 10 gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó lè ṣọdẹ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé wọ́n kàn fẹ́ fìyà jẹ ọdẹ ni. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní CWD, tó ń jẹ ọpọlọ àgbọ̀nrín títí yóò fi rù kan egungun, tí yóò sì kú. Kò sí oògùn rẹ̀. Ọdún 2002 ni wọ́n rí i lára ẹran igbó ní Wisconsin àti Illinois. Itọ́, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ló ń gbé e kiri, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí àgbọ̀nrín mẹ́wàá bá ki ẹnu bọ òkìtì àgbàdo kan, itọ́ wọn á pò pọ̀. Hóró tó fọ́n ká gbogbo oko kì í kó wọn jọ lójú kan bẹ́ẹ̀.

Ṣé àárín oko ni ọdẹ yóò wá jókòó sí?

Rárá.

Ibo wá ni?

Lọ́sàn-án, inú igbó ni àgbọ̀nrín máa ń sùn sí. Ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde wá jẹun lóko, ìdájí ló ń padà. Kí wọ́n tó kórè, àgbàdo tó wà lóòró ni ilé rẹ̀, òun náà ni oúnjẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá wọ oko, ilé á wó, oúnjẹ á ṣẹ́ kù nílẹ̀ láàárín pòròpórò. Ẹran á kó padà sínú igbó, ọ̀nà tó ń tọ̀ á sì yí padà. Ẹ̀gùn tó dára lóṣù kẹsàn-án lè máà wúlò mọ́ rárá.

Nítorí náà, ẹ rìn yí etí oko ká. Níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, ojú pátákò á hàn, ó pín sí méjì, ó ṣe ṣóńṣó síwájú. Ẹ wo wáyà tí wọ́n fi sọgbà, irun rẹ̀ máa ń há sí i. Ẹ sì bi àgbẹ̀ léèrè bóyá ó fẹ́ tún ilẹ̀ náà ro láìpẹ́, torí bí katakata bá ti yí ilẹ̀ dé, hóró á wọlẹ̀, ẹran á wá ibòmíràn lọ.

Bí ẹ bá rí ọ̀nà ẹran, ẹ tẹ̀ lé e wọ inú igbó ní nǹkan bíi mítà 20 sí 30, ibẹ̀ ni kí ẹ gun ẹ̀gùn sí. Akọ oníwo ńlá kì í yá jáde. Inú igbó ni yóò dúró sí, tí yóò máa wo oko, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Abo àti ọmọ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹni tó jókòó sétí oko máa ń rí. Bí igun oko kan bá wọ inú igbó, ẹ̀yìn igun náà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ibẹ̀ ni àgbọ̀nrín ń gbà kọjá kó má baà fara hàn ní gbangba. Ní àárín oṣù kọkànlá, tí akọ ń lépa abo, ó lè gbabẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Atẹ́gùn ńkọ́?

Ọ̀dọ̀ ẹran ni kó ti máa fẹ́ bọ̀ wá bá yín. Bí oòrùn bá ń mú lówùúrọ̀, afẹ́fẹ́ á máa gòkè. Bí ilẹ̀ bá ń tutù nírọ̀lẹ́, á máa ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, á sì gbé òórùn yín lọ sínú kòtò níbi tí ẹran wà. Ẹ ní ẹ̀gùn méjì fún atẹ́gùn méjì. Lọ́jọ́ tí kò bá sí èyí tó bá a mu, ẹ jókòó sílé.

Ṣé mo lè fi iná ọdẹ ṣe é lóru bí wọ́n ti ń ṣe nílé?

Ẹ má dán an wò. Ní ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí, ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀ ni àkókò tí òfin gbà.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù jù?

Kí ẹ má já bọ́ láti orí igi. Ẹ de ìgbànú ààbò tó gbá gbogbo ara mú, ẹ sì so ó mọ́ okùn láti ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá jókòó tán. Ẹ yọ ọta kúrò nínú ìbọn, kí ẹ fi okùn fà á gòkè lẹ́yìn tí ẹ bá ti gùn tán. Oko tí wọ́n ti gé náà tẹ́jú, ọta ń lọ jìnnà níbẹ̀. Ẹ má yìn ín bí ilẹ̀ kò bá sí lẹ́yìn ẹran láti gbà á.

Físà ni mo fi wà ní Amẹ́ríkà. Ṣé mo lè gbé ìbọn?

Òfin ìjọba àpapọ̀ kà á léèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó wà lórí físà ìgbà díẹ̀ láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́. Ìwé àṣẹ ọdẹ tó péye lè yọ èèyàn kúrò nínú èèwọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tún ní òfin tirẹ̀. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìbọn, ì báà ṣe ti ọ̀rẹ́.

Ṣé ẹran náà ṣeé jẹ?

Ó ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n níbi tí CWD bá ti dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi sínú ìkòkò, torí iná kì í pa á. Kò tíì sí ẹ̀rí pé ó ti mú èèyàn kan rí. Síbẹ̀, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó wà lára rẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì fún ẹlòmíràn.