Bí kámẹ́rà ṣe dé ọwọ́ ọmọ kíláàsì

Wíwo fíìmù láti kẹ́kọ̀ọ́ ti pẹ́ láàárín wa. Ṣíṣe é ni kò pẹ́. Colonial Film Unit tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1939 ń fi ọkọ̀ sinimá gbé fíìmù ogun, ìmọ́tótó àti iṣẹ́ àgbẹ̀ káàkiri. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, n'Íbàdàn, amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Síbẹ̀ àgbà ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń wòran.

Owó àti ìdúró ló fà á. Super 8, fíìmù kékeré tí Kodak gbé jáde ní 1965, rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 50 péré ló wà nínú ìdì kan: ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Kí ọmọ tó mọ̀ pé òun ṣàṣìṣe, kíláàsì ti kúrò lórí ẹ̀kọ́ náà. Portapak, kámẹ́rà fídíò alágbèéká tí Sony mú jáde ní 1967, ló já okùn yìí: téèpù kò ní fífọ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n lè wò ó lórí ẹ̀rọ mìíràn, kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n tún un yà. Inú àtúnyà yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Fóònù kàn mú kó dínwó ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀wà tó ń hù ṣe àpẹẹrẹ fíìmù tí kíláàsì lè ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ 5, fóònù 1, ẹ̀wà 4 lórí òwú tútù nínú ife tó mọ́ gaara. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ nínú fíìmù náà sí ojú ìwé kan, kí tíṣà kà á kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan fóònù. Ibẹ̀ ni àṣírí ẹni tó rò pé ewé ló ń ṣáájú gbòǹgbò ti máa ń tú. Ẹ ya àwòrán láràárọ̀ fún ọjọ́ 7. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí fóònù àti ife ń dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà á máa fò kiri nínú fíìmù. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn ife, òjìji lẹ máa yà. Ohùn ló ń bàjẹ́ jù: òjò lórí páànù, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò (ta ló máa bẹ̀ ẹ́ kó pa á?). Ẹ gba ohùn lọ́tọ̀ ní yàrá tó pa lọ́lọ́, kí ẹnu sún mọ́ fóònù dáadáa.

Bí wọ́n bá parí, ẹ pa ohùn fíìmù náà, kí ẹgbẹ́ mìíràn sọ ohun tí wọ́n rí. Bí wọn ò bá lè sọ ọ́, àtúnyà dé nìyẹn. Nítorí náà, ẹ tètè gbé ife ẹ̀wà kejì kalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, kí ẹ lè rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù tún yà.