Bí onídán ṣe ń yan ọ̀nà tí yóò fi sọ ènìyàn di àwátì

Àwọn àgbà máa ń sọ̀rọ̀ àféèrí: ẹni tó bá ní in, ẹ ó máa wò ó níwájú yín, ẹ ò sì ní rí i mọ́. Onídán orí ìtàgé kò ní àféèrí. Pákó, aṣọ, dígí àti iná ló ní, pẹ̀lú ènìyàn kan tó lè ká ara rẹ̀ jọ sínú àyè kékeré. Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni kó mọ èyí tó yẹ kó lò, nítorí idán tó ya èrò lẹ́nu nínú gbọ̀ngàn kan lè tú síta pátápátá nínú òmíràn.

Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Ibo lẹni náà máa gbà lọ? Ìgbà wo ló máa lọ? Ti àkọ́kọ́ ni èrò ìwòran máa ń rò. Ti èkejì ló le jù, òun sì ni onídán tó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ wá ojútùú sí. Kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹni náà, ó yẹ kó ti lọ.

Ẹ wo ohun tí Buatier de Kolta, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ní ọdún 1886. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó gbé àga lé e, obìnrin kan jókòó sórí àga, ó sì fi aṣọ sílíìkì fẹ́lẹ́ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó di aṣọ mú, ó fà á kúrò, àga nìkan ló kù. Ìwé ìròyìn wà níbẹ̀ kó lè dá èrò lójú pé kò sí ihò nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gé e sílẹ̀ kó bá ìlẹ̀kùn ilẹ̀ pèpéle mu. Ṣùgbọ́n wáyà ni ọgbọ́n tó ga jù nínú idán náà. Wáyà tín-ín-rín kan wà lára àga tó ń gbé aṣọ dúró bí ẹni pé orí ènìyàn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin yẹn ti wà lábẹ́ pèpéle nígbà tí gbogbo ojú ṣì ń wo "orí" rẹ̀. Ìgbà tí onídán wá fa aṣọ, kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan mọ́.

Servais Le Roy, ará Bẹ́ljíọ̀mù, gbé ọgbọ́n wáyà yìí lọ sókè. Nínú idán rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Asrah, obìnrin tí wọ́n fi aṣọ bò á máa gbéra sókè díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá sì ti ga tán ni onídán á já aṣọ bọ́. Ohun tó ń gòkè yẹn kì í ṣe ènìyàn mọ́ láti ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn.

Ọ̀nà ihò ilẹ̀ kò ṣeé lò níbi gbogbo. Pèpéle gbọ́dọ̀ ga, abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo, ẹni tó ni gbọ̀ngàn sì gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n gé pákó òun. Onídán tó ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé lónìí, tó wà lábẹ́ àgọ́ lọ́la, kò lè máa dá ihò lu kiri. Irú wọn ló ń lo dígí.

Ní ọdún 1865, Thomas Tobin àti John Henry Pepper gbé àpótí kan tó tó ènìyàn wọ̀ jáde ní London, wọ́n pè é ní Proteus. Òpó kan dúró láàárín rẹ̀. Dígí méjì lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀tún àti ti òsì bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ẹ̀yìn wọn sì ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ògiri. Ẹni náà wọlé, wọ́n tìlẹ̀kùn, ó fa dígí méjèèjì títí etí wọn fi pàdé níbi òpó, òun sì wà lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n tún ṣílẹ̀kùn, ògiri ẹ̀gbẹ́ ni dígí ń fi hàn, ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìn lojú kà á sí. Òpó yẹn ló bo ibi tí dígí ti pàdé. Láìsí i, ìlà tóóró kan á ti tú àṣírí. Àmì ìka kan ṣoṣo lára dígí tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bákan náà ni bí onídán bá ṣèèṣì na ọwọ́ kọjá ibi tó yẹ, ọwọ́ náà á di méjì.

Àrán dúdú náà wà, èyí tí Max Auzinger ará Jámánì fi gbajúmọ̀. Wọ́n á fi àrán bo gbogbo ìtàgé, wọ́n á kọ iná sójú èrò, ẹni tí wọ́n bá ju àrán bò á wọ inú òkùnkùn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó rọrùn, ó sì yá, ṣùgbọ́n kì í gba kí èrò sún mọ́ ọn.

Ibi tí èrò jókòó sí ló ń pàṣẹ jù. Nígbà tí Houdini, gbajúgbajà onídán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ erin di àwátì nínú àpótí ńlá ní gbọ̀ngàn Hippodrome ní New York, ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1918, gbọ̀ngàn náà ní ju 5,000 ìjókòó lọ, àwọn tó wà lọ́kàn-án-kán àpótí nìkan ló sì rí inú rẹ̀ dáadáa.

Ẹni tó ń lọ náà ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó kàn jẹ́ pé a kì í sábà yìn ín. Òun ló ń fa dígí nínú òkùnkùn láìdún, òun ló ń sọ̀kalẹ̀ láìmi aṣọ. Àwa tí a mọ Professor Peller, ọmọ Ìsẹ́yìn, mọ Alhaja Silifat ìyàwó rẹ̀ tó ń bá a pidán. Bí ara amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ kò bá gba ọ̀nà kan, ọ̀nà yẹn ò sí.

Nígbà tí wọ́n bá to àpótí idán náà tán, onídán á sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó síbi tó burú jù nínú gbọ̀ngàn: iwájú pátápátá ní ìkángun òsì, lẹ́yìn náà ìkángun ọ̀tún, lẹ́yìn náà òkè. Ẹlòmíràn á dúró sípò rẹ̀. Bó bá rí gìgísẹ̀ kan tàbí etí aṣọ kan, wọ́n á sún àpótí sẹ́yìn, wọ́n á tún un ṣe. Bí kò bá sí ibi tí wọ́n tún lè sún un sí mọ́, wọ́n á gbé e padà sínú ọkọ̀, wọ́n á sì wá ọ̀nà mìíràn fún gbọ̀ngàn yẹn.