Bí okùn bá yọ lẹ́nu flash, chip yín kò tíì kú

Ẹ ti tẹ àṣẹ sínú tẹ́mínà, avrdude (irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tó ń kọ prógíráàmù sínú àwọn chip AVR) ti ń kọ prógíráàmù lọ sínú flash, ibi tí chip ń tọ́jú prógíráàmù sí, ni okùn USB bá ṣàdédé yọ. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé: "Ó parí, mo ti ba chip yìí jẹ́." Ìgbàgbọ́ yìí gbilẹ̀ débi pé àwọn kan kì í fẹ́ fọwọ́ kan tẹ́mínà rárá; wọ́n ní bọ́tìnnì inú IDE (áàpù tí wọ́n ti ń kọ prógíráàmù) ni kò léwu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yẹn nínú Arduino IDE fún bọ́ọ̀dù AVR, avrdude kan náà ló ń pè lábẹ́lẹ̀. Ẹ ní kó máa fi gbogbo ohun tó ń ṣe hàn yín, ẹ ó rí àṣẹ náà kedere.

Ẹ̀rù náà kò ṣàdédé wá. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ohun tó ń gba prógíráàmù tuntun wọlé ń gbé nínú flash kan náà tí wọ́n fẹ́ nù. Bí iná bá lọ níbẹ̀, ẹni tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn ti bá ilé lọ. Ọ̀rọ̀ ATmega328P, chip AVR tó wà lórí Arduino Uno, yàtọ̀. Ohun tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ programmer, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé prógíráàmù láti kọ̀ǹpútà sínú chip, kò sí nínú flash. Ara chip gan-an ni wọ́n ti ṣe é mọ́, kò sí prógíráàmù tó lè pa á rẹ́. Kí avrdude tó kọ ohunkóhun, USBasp, irú programmer kan, á fa ẹsẹ̀ RESET wálẹ̀. Láti ìgbà náà, ọpọlọ chip ti dúró. Ohun yòówù kó wà nínú flash, ì báà jẹ́ prógíráàmù tó pé, ì báà jẹ́ ìdajì, ì báà jẹ́ wúruwùru, kò lè ṣiṣẹ́, kò sì lè dí yín lọ́wọ́.

Ẹ wo àṣẹ náà:

avrdude -c usbasp -p m328p -U flash:w:ina.hex:i

Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni kó nu gbogbo flash. Nínù yìí ń sọ gbogbo bíìtì di 1, tí báìtì kọ̀ọ̀kan á fi di 0xFF. Kíkọ ló ń sọ èyí tó bá yẹ di 0. Ojú-ewé kan tẹ̀ lé òmíràn ló ń kọ ọ́, báìtì 128 lójú-ewé kan, 32 KB inú rẹ̀ sì jẹ́ ojú-ewé 256. Ká ní ẹnu ojú-ewé 90 ni okùn ti yọ: àwọn tó ṣáájú ti gba prógíráàmù tuntun, àwọn tó kù ṣì wà ní 0xFF. Gbogbo aburú tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ki okùn padà, ẹ tún àṣẹ náà tẹ̀. Á nu gbogbo rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó bá sì parí, á ka gbogbo ohun tó kọ padà, á fi wé fáìlì yín.

Nínù yẹn tún ń nu bootloader, prógíráàmù kékeré inú flash tó ń gba prógíráàmù tuntun wọlé. Optiboot, tó ń jẹ́ kí Arduino Uno gba prógíráàmù láti USB, báìtì 512 tó gbẹ̀yìn flash ló ń gbé. Lẹ́yìn àṣẹ òkè yìí, prógíráàmù kò ní gba ọ̀nà USB wọlé mọ́, ẹni tí kò mọ̀ á ní chip ti kú. Kò kú, ẹ fi USBasp kan náà kọ bootloader padà.

Fuse ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́ra fún. Báìtì mẹ́ta péré ni, wọn kò sí nínú flash, àwọn ló sì ń pinnu ibi tí chip ti ń gba aago tó ń darí ìrìn rẹ̀. Nígbà kan, mo kọ 0xFF sí lfuse, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lára chip kan tí kò ní kírísítà (ohun kékeré tó ń gbọ̀n láti fún chip ní aago). Lójú ẹsẹ̀, avrdude kò rí i mọ́. Mo di ẹ̀bi ru flash, mo jù ú nù. Mo mú òmíràn, mo tún ṣe bákan náà, òun náà dákẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, nítorí náà mo jókòó ti datasheet, ìwé àlàyé chip náà, lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí 0xFF sọ fún chip ni pé kó máa retí kírísítà láti ìta. Láìsí kírísítà, kò sí aago. Láìsí aago, SPI, ọ̀nà tí programmer ń gbà bá chip sọ̀rọ̀, kò lè dáhùn. Mo fi kírísítà 16 MHz sáàárín ẹsẹ̀ 9 àti ẹsẹ̀ 10, mo fi kàpásítọ̀ 22 pF so ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ground, mo tún àṣẹ tẹ̀. 0x1e950f yọ lójú tẹ́mínà, nọ́ńbà tí ATmega328P fi ń dárúkọ ara rẹ̀. Inú mi dùn gan-an, àmọ́ èkíní tí mo jù nù ṣì ń dùn mí.

Fuse tó le jù ni RSTDISBL, tó ń sọ ẹsẹ̀ RESET di ẹsẹ̀ lásán. USBasp kò ní rọ́nà wọlé mọ́. Síbẹ̀, programmer tó ń fi fólítì 12 sí ẹsẹ̀ náà lè ṣí i.

Bí 0x000000 bá jáde dípò nọ́ńbà gidi, ẹ kọ́kọ́ yẹ wáyà wò: bóyá MOSI àti MISO, wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ wọ chip àti èyí tó ń gbé e jáde, ti gba ipò ara wọn. Ẹ tún wo eré. Chip tuntun ń sáré ní 1 MHz, SPI kò sì gbọdọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn. Ẹ fi -B 10 kún àṣẹ, kó rọra.

Àwọn chip mìíràn náà ní ilẹ̀kùn tí flash kò lè tì. Ti RP2040 ni BOOTSEL, ti ESP32 ni GPIO0 tí ẹ máa so mọ́ ground nígbà tó bá ń tají, ti STM32F103 ni BOOT0. Inú ROM, ibi ìpamọ́ tí kò ṣeé nù, ni ohun tó ń dáhùn níbẹ̀ ń gbé.

Ní ti pé flash ń gbó, òótọ́ ni: ìgbà 10,000 ni datasheet ATmega328P kọ. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ ní ìgbà 20 lójúmọ́ á lo ọjọ́ 500 kó tó débẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fuse, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀:

avrdude -c usbasp -p m328p -U lfuse:r:-:h -U hfuse:r:-:h -U efuse:r:-:h

Lára chip tuntun, 0x62 àti 0xd9 ni méjì àkọ́kọ́ máa jẹ́.