Honda CB750 àti Kawasaki Z1: ibi tí ẹ́ńjìnnì wọn ti yàtọ̀

Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ọmọ ìyá ni alùpùpù méjèèjì. Sìlíńdà mẹ́rin tó tò sí ìlà kan ló wà nínú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, páìpù èéfín mẹ́rin sì yọ sẹ́yìn. Honda ló kọ́kọ́ dé ọjà lọ́dún 1969 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 736 cc (ìwọ̀n àyè inú sìlíńdà rẹ̀ nìyẹn), òun àti bíréèkì díìsìkì níwájú. Kawasaki náà ti ń ṣe alùpùpù 750 cc tirẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà. Bí wọ́n ṣe rí ti Honda, wọ́n dá tiwọn dúró, wọ́n lọ tún un rò, kí Z1 tó jáde lọ́dún 1972 pẹ̀lú 903 cc. Agbára ẹṣin 67 ni Honda ní, ti Kawasaki jẹ́ 82. Títóbi ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́.

Fáàfù ni ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọ sìlíńdà, tí èéfín sì ń gbà jáde. Nínú CB750, ọ̀pá káámù kan ṣoṣo ló ń ṣí gbogbo wọn. Bó ti ń yí, gegele ara rẹ̀ á gbé irin kékeré kan sókè, irin yìí sì dà bí apá òṣùwọ̀n: bí ìhín bá ròkè, ọ̀hún á lọ tẹ fáàfù sísàlẹ̀. Kawasaki yọ irin yìí kúrò pátápátá. Ọ̀pá káámù méjì ni Z1 ní, ọ̀kan lórí fáàfù ìwọlé, èkejì lórí fáàfù ìjáde, ife irin kékeré tó dé fáàfù lórí sì ni gegele ń tẹ̀ tààrà. Irin tó ń lọ sókè sódò dínkù, nítorí náà sípíríìnì lè tètè dá fáàfù padà bí eré bá pọ̀. Z1 lè yí dé ìgbà 9,000 ní ìṣẹ́jú kan. 8,500 ni ààlà Honda.

Ọgbọ́n yìí ní owó orí tirẹ̀. Láti tún àlàfo fáàfù Honda ṣe, ìyẹn àyè tín-ín-rín tó wà láàárín fáàfù àti irin tó ń tẹ̀ ẹ́, kí èèyàn tú nọ́ọ̀tì, kó yí ṣúúrù díẹ̀, ó parí. Ti Z1, irin pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ ló wà lórí ife; àfi kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi èyí tó nípọn jù ú tàbí tó fẹ́lẹ́ jù ú rọ́pò.

Ní ìsàlẹ̀, kíráǹkì Honda, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí lábẹ́ sìlíńdà tó sì ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì jáde, jẹ́ irin kan gbánsasa. Ọ́ìlì tí pọ́ńpù ń fi agbára tì ni kì í jẹ́ kó fara kan bẹ́árínì tó gbé e. Bí agbára ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, ewu dé. Inú táǹkì lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ọ́ìlì yìí ń gbé. Inú ikùn ẹ́ńjìnnì ni ti Z1 wà, kò sì nílò agbára púpọ̀, torí orí róólà, ìyẹn irin roboto kéékèèké, ni kíráǹkì rẹ̀ ti ń yí. Ó le koko, àwọn onídíje fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ra ni; bó bá bàjẹ́, ẹ̀rọ tó lágbára ló lè tú u, ẹni tó mọṣẹ́ dunjú ló sì lè tò ó kó gún. Ẹni tó bá fẹ́ máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe fúnra rẹ̀, Honda ni kó wá.